Orúkọ Kan, Ẹ̀yà Púpọ̀: Ọ̀rọ̀ Nípa Àwọn Ẹ̀dá Inú Òkun

Nígbà tí a kéde pé ọ̀rọ̀ òkun ni a ó sọ, mo gbọ́ pé àwọn kan ń bi ara wọn léèrè pé kí ni ti òkun ní Òṣogbo. Ìbéèrè náà tọ́. Ẹni tí ó bá kúrò níhìn-ín tí ó fẹ́ gbọ́ ìró ìgbì yóò rin ọ̀nà tí ó ju 200 kìlómítà lọ kí ó tó dé Èkó, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó sì ti dàgbà, tí ó ti bímọ, tí kò tí ì fi ojú kan òkun rí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo oyè àwọn ọba wa. Ìtàn ìlú yìí sọ pé nígbà tí Lárọ́òyè dé etí odò Ọ̀ṣun, ẹja ńlá kan jáde láti inú omi, ó sì tẹ́ ọwọ́ gbà á. Láti inú Atẹ́wọ́gbẹja ni a ti rí Àtáója. Ní Iléṣà ẹ̀wẹ̀, Ọwá Obòkun ni ọba. Wọ́n ní Ajíbógun ni ó rìn títí ó fi bu omi òkun wá, tí a fi wẹ ojú Odùduwà tí ó ti fọ́, tí ojú náà sì là. Ọba kan jẹ oyè ẹja, ọba kejì jẹ oyè omi òkun. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi Obòkun yìí pe ọ̀bọ̀kún, ẹja onírùngbọ̀n inú odò àti ọ̀sà. Ohùn ẹnu ni ó yà wọ́n, ìyàtọ̀ náà kì í sì í ṣe kékeré.) Ará òkè ni wá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò ka òkun sí ohun àjèjì.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Orúkọ kan ṣoṣo a máa bo ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mọ́lẹ̀, bí ẹ̀yà kan bá sì kú lábẹ́ orúkọ tí ó bá àwọn mìíràn pín, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó kú. Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí ní òkun nìyẹn, ó sì kàn wá ju bí a ti rò lọ.

Ẹ bá mi lọ sí Ọjà Ọba, kí a dúró níwájú ìyá tí ń ta ẹja inú yìnyín. Òkú Èkó ni àwọn àgbà ń pe gbogbo rẹ̀, nítorí pé òkú ni ó ti Èkó wá, kò dà bí àrọ̀ tí ń jà nínú ọpọ́n. Bí a bá sún mọ́ ọn, a ó gbọ́ orúkọ mìíràn: títù, kòtẹ́, ṣáwá, pánla. Títù, èyí tí ó ní ìlà dúdú wínníwínní ní ẹ̀yìn bí ẹni tí a fi àbẹ là, nínú omi tútù àríwá òkun Àtìláńtíìkì ni wọ́n ti ń pa á, ní ìhà Nọ́wè àti Skọ́tílándì. Kòtẹ́ kì í tilẹ̀ í ṣe ẹ̀yà kan. Ọ̀kan ń gbé àríwá, ọ̀kan ń gbé etíkun Mọriténíà, òmíràn ń gbé etíkun Nàmíbíà ní gúúsù. Ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ni à ń pè ní ẹ̀yà? Èmi yóò fi ẹran ilé dá a lóhùn. Ajá tí ń ṣọdẹ ní ìgbèríko Ìjẹ̀ṣà àti ajá onírun gígùn tí òyìnbó ń gbé sórí àga, ìrísí wọn jìnnà síra, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jọ bímọ, ọmọ wọn yóò tún bímọ. Ẹ̀yà kan ni wọ́n. Ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jọra ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ìbáaka tí wọ́n bí kì í bímọ. Ẹ̀yà méjì ni wọ́n. Ìrísí nìkan kọ́ ni ìdájọ́. Ìran tí ń lọ síwájú ni. Ní ti ẹja, púpọ̀ wọn ni abo ń da ẹyin sínú omi tí akọ sì ń sọ ọ́ di ààyè níbẹ̀, tí ẹyin ẹ̀yà kan kì í sì í sábà gba ti ẹ̀yà mìíràn. Ọkùnrin ará Swídìn kan, Carl Linnaeus, ni ó fi ìlànà lélẹ̀ fún orúkọ àwọn ẹranko nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní 1758, pé kí olúkúlùkù ẹ̀yà máa jẹ́ orúkọ méjì ní èdè Látìn, ọ̀kan ti ìdílé, ọ̀kan ti ara rẹ̀. Bí a ti ń ṣe é títí di òní nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan tí àwọn baba wa fi owó ara wọn rà. Owó ẹyọ kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe egungun. Ilé ìgbín òkun ni, ìgbín náà sì ti kú kí ilé rẹ̀ tó dé ọwọ́ wa. Ẹ̀yà méjì ni a ná ní ilẹ̀ yìí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ń gbé òkun tí ó wà ní etí ilẹ̀ wa. Èyí tí ó kọ́kọ́ dé kéré, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ní kókó ní ẹ̀gbẹ́. Láti àwọn erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà ni ó ti wá. Èkejì pọ̀ ní ìhà Sánsíbà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ó tóbi jù ú lọ, ó sì ní òrùka àwọ̀ wúrà ní ẹ̀yìn. Linnaeus ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ nínú ìwé 1758 náà: ó pe ti àkọ́kọ́ ní moneta, èyí ni owó, ó pe èkejì ní annulus, èyí ni òrùka.

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ti Maldives ni à ń ná. Láti nǹkan bí 1845 ni àwọn oníṣòwò Jámánì ará Hamburg ti rí i pé ti Sánsíbà pọ̀ lọ bí iyanrìn, pé ó sì pọ̀ọ́kú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ òkun kó o wá sí etíkun wa, wọ́n ń fi ra epo pupa. Owó wá pọ̀, ọjà kò pọ̀ sí i, iye ẹyọ sì bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀. Ọ̀kẹ́ kan, tí í ṣe 20,000 ẹyọ, kò ra ohun tí ó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó tún wúwo sí i lórí aláàárù, nítorí pé ìgbín Sánsíbà sanra ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún tó parí, owó fàdákà Gẹ̀ẹ́sì ti ń lé ẹyọ kúrò lójú ọjà. Kì í ṣe ẹyọ nìkan ni ó fa gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní àpò ẹyọ nílé ní àkókò náà, bí kò bá mọ ẹ̀yà méjì yà sọ́tọ̀, ó jẹ gbèsè àìmọ̀. Ìyà mìíràn tún wà níbẹ̀: bí a bá ti lu ẹ̀yìn ẹyọ kí a lè sín in sí okùn, òrùka wúrà náà ti lọ. Ìtóbi àti kókó ẹ̀gbẹ́ nìkan ni ó kù fún olójú láti fi dá wọn mọ̀.

Ẹ̀yà méló wá ni ó wà nínú òkun? Èyí tí a ti fún lórúkọ, tí àwọn onímọ̀ gbogbo ayé sì fọwọ́ sí, ju 240,000 lọ. Ní 2011, Camilo Mora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìṣirò pé ó ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ tó 2,200,000, láìka àwọn kòkòrò tín-tìn-tín irú bakitéríà mọ́ ọn. Ìyẹn ni pé nínú ẹ̀yà mẹ́wàá, nǹkan bí mẹ́sàn-án ni kò tí ì ní orúkọ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Láti 2000 títí di 2010, nǹkan bí 2,700 onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè tí ó ju 80 lọ jọ ka ẹ̀dá inú òkun bí ìjọba ti í ka ènìyàn. Nínú ohun tí wọ́n kó jáde, ó ju 6,000 lọ tí wọ́n rò pé ẹ̀yà tuntun ni.

Bí ó bá jẹ́ iye ẹ̀yà nìkan ni a ń kà, ilẹ̀ yóò borí òkun, nítorí kòkòrò bíi tanpẹ́pẹ́ àti labalábá. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ka ọ̀nà tí a gbà dá ara ẹranko, tí ó ju 30 lọ, òkun ni ó borí, àwọn kan kò sì sí níbòmíràn rárá. Ẹ̀dá kan wà níbẹ̀ tí ó rí bí ìràwọ̀, tí ó sábà ní apá márùn-ún. Bí a bá gé apá rẹ̀ kan, òmíràn a hù. Ìbátan rẹ̀ kan wà tí ẹ̀gún bò bí òòrẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ wà ní abẹ́ ikùn. Gbogbo ìdílé yìí, inú òkun ni wọ́n ń gbé. A kì yóò rí ọ̀kan nínú odò Ọ̀ṣun, àní bí a bá wá a fún ẹgbẹ̀rún ọdún.

Àwọn ọlọ́gbọ́n pàápàá ti ṣìnà nípa òkun. Ní nǹkan bí 1843, Edward Forbes, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú, rò pé bí a bá lọ jìn ju bí 550 mítà lọ, kò ní sí ohun alààyè mọ́, nítorí òkùnkùn àti ìnira omi. Ọkọ̀ tí à ń pè ní Challenger rìn yí ayé ká láti 1872 títí di 1876, ó ń ju àwọ̀n sínú ibú, ó sì kó ẹ̀yà tuntun tí ó ju 4,000 lọ jáde, púpọ̀ láti ibi tí Forbes ti ní òfìfo ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí ṣẹlẹ̀ ní Áfíríkà. Ní December 1938, ọkọ̀ apẹja kan mú ẹja ńlá aláwọ̀ aró kan wá sí East London ní Gúúsù Áfíríkà, ó gùn ní mítà kan àti ààbọ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ sì dúró lórí ẹsẹ̀ ẹlẹ́ran bí apá ọmọdé. Ọmọbìnrin kan tí ń tọ́jú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí níbẹ̀, Marjorie Courtenay-Latimer, rí i pé kò jọ ẹja kankan. Ó yà á sórí ìwé, ó sì fi ránṣẹ́ sí J. L. B. Smith, onímọ̀ ẹja. Ẹ̀rù ba Smith bí ó ti rí àwòrán náà, nítorí inú òkúta nìkan ni a ti ń rí egungun irú ẹja bẹ́ẹ̀, a sì gbà pé ìdílé rẹ̀ ti run fún ọdún tí ó ju 60 mílíọ̀nù lọ. Ní 1939 ó sọ ọ́ ní Latimeria, ní ìrántí ọmọbìnrin náà. Ọdún mẹ́rìnlá kọjá kí a tó rí èkejì ní erékùṣù Kòmórò, ní 1952. Níbẹ̀ ni a ti wá mọ̀ pé àwọn apẹja Kòmórò ti mọ ẹja náà tipẹ́tipẹ́. Wọ́n tilẹ̀ ní orúkọ fún un: gombessa. Ẹja tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ayé ti sìnkú rẹ̀, àwọn tí kò kàwé ń bá a pàdé lójú omi, ó sì jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó bi wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kò tún pin síbẹ̀: a tún rí irú rẹ̀ ní Indonéṣíà, tí gbogbo ayé rò pé ẹ̀yà kan náà ni, títí a fi yẹ̀ ẹ́ wò tí a sì sọ ọ́ lórúkọ tirẹ̀ ní 1999. Ẹ̀yà méjì, lábẹ́ orúkọ kan.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí òkun tiwa. Òkun tí ó wà níwájú Èkó kò ní ẹ̀yà tó ti ìhà Indonéṣíà àti Filipíìnì, níbi tí irú ẹja tí ń gbé ààrin iyùn nìkan ti ju 2,000 lọ. Iyùn tí mo wí yìí kì í ṣe ti ọrùn ọba. Òun ni ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí ń kọ́ ilé òkúta sí abẹ́ omi tó mọ́ gaara. Àwọn odò wa ni kò jẹ́ kí ó rí àyè. Ọya, Ògùn, Ọ̀ṣun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń kó ẹrẹ̀ àti omi adùn sínú òkun láti ọdún dé ọdún, iyùn kò sì fẹ́ ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ kan náà ni oúnjẹ àwọn mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ní ẹja tí àwọn onílé iyùn kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí ọjà ń pè ní kíróókà, tí àwọn apẹja Èkó sì ń pè ní àpò. Ẹja yìí a máa sọ̀rọ̀. Ó ní àpò afẹ́fẹ́ nínú ikùn tí ó ń fi iṣan lù bí ìlù, àwọn apẹja a sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ọkọ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ń se ọbẹ̀ mọ àmì kejì tí ó ní: òkúta funfun méjì tí ń bẹ nínú orí rẹ̀, tí ọmọdé fi ń ṣeré. Etí rẹ̀ ni. Òun ni ó fi ń gbọ́ràn, òun náà ni ó sì fi ń mọ bí ara rẹ̀ ti dúró nínú omi. Bí a bá fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ là á, a ó rí ìlà yíká-yíká nínú rẹ̀ bí ti ìdí igi, láti ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ń ka ọjọ́ orí ẹja.

Ó kéré tán, ẹ̀yà mẹ́ta ni à ń pè ní kíróókà. Ọ̀kan fẹ́ràn ibi tí ó jìn díẹ̀ sí etíkun. Ọ̀kan ń gbé ibi tí kò jìn, lórí ẹrẹ̀. Ẹ̀kẹta, tí ara rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu odò ni tirẹ̀, níbi tí omi iyọ̀ àti omi adùn ti ń dàpọ̀. Ẹ wá rò ó wò. Bí a bá ba ẹnu odò jẹ́, ẹ̀kẹta ni yóò kọ́kọ́ dínkù. Àwọn méjì yòókù yóò máa wá sọ́jà, ìyá ẹlẹ́ja yóò máa kígbe kíróókà, a ó máa rà, a ó máa sọ pé kíróókà kò tí ì tán.

Bẹ́ẹ̀ náà ni edé. Púpọ̀ ènìyàn rò pé edé wẹ́wẹ́ tí a ń gún sínú ọbẹ̀ ni ọmọ edé ńlá tí a ń rà ní owó gọbọi. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú edé wẹ́wẹ́ náà jẹ́ ẹ̀yà tirẹ̀ tí ó ti dàgbà tán, tí ó ti lẹ́yin. Bí ó ti mọ nìyẹn. Edé ńlá aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ní ìgbésí ayé mìíràn. Inú òkun ni ìyá rẹ̀ ti ń sọ ẹyin sílẹ̀. Ọmọ tí ó yọ, tí kò tó ìdin, a tẹ̀lé ìgbì wọ inú ọ̀sà, a sì sá sí ààrin gbòǹgbò igi etí omi, níbi tí ẹja ńlá kò ti lè rí i. Níbẹ̀ ni yóò ti jẹun títí yóò fi lágbára, kí ó tó padà sí òkun lọ bímọ tirẹ̀. Ọ̀sà ni ilé ìyá àgbà fún un. Ẹni tí ó bá ba ọ̀sà jẹ́, ẹ̀dá inú òkun ni ó pa, bí kò tilẹ̀ dé òkun rí.

Àwa ará òkè náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Odò Ọ̀ṣun kò parí sí Òṣogbo. Ó ń sàn lọ sí gúúsù títí ó fi wọ ọ̀sà Lẹ́kí, odò Ọ̀nì náà sì ń wọ inú ọ̀sà kan náà. Omi ọ̀sà Lẹ́kí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi adùn látòkèdélẹ̀. Ó bá ọ̀sà Èkó tan, ti Èkó sì ní ẹnu sí òkun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn iyọ̀ a wọ inú ọ̀sà Èkó jìnnà. Nígbà òjò, omi tiwa a tì í padà, àwọn ẹja olómi iyọ̀ a sì sún sẹ́yìn, àwọn olómi adùn a gba ipò wọn. Bọ́ńgà, ẹja elégungun púpọ̀ tí a ń yan, mọ ọ̀nà méjèèjì, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Òjò tí ó bá rọ̀ sí Alékúwọdò wà nínú ìṣirò wọn.

Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró lórí afárá Ọ̀ṣun ti rí bí omi náà ti pọ́n bí omi ẹni tí ń po amọ̀. Wíwa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti àyíká rẹ̀ wà lára ohun tí ó fà á: a gbẹ́ etí odò, a fọ iyanrìn, a sì dá ẹrẹ̀ náà padà sínú omi. Ní 2022 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tí ó wá sí ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má ṣe mu omi náà. Èmi kò fẹ́ di gbogbo ẹ̀bi lé awakùsà lórí. Púpọ̀ nínú wọn ni ebi lé dé ibẹ̀, àwọn tí ń ra wúrà náà lọ́wọ́ wọn kì í sì í fi ẹsẹ̀ kan ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ẹrẹ̀ ń ṣe. Ó ń bo ẹyin ẹja mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú omi má bàa kàn án. Ó ń dí ìjàgbọ̀n tí ẹja fi ń mí. Ó ń pa ìmọ́lẹ̀ mọ́ ewé inú omi lára. Bí a bá tún lo mẹ́kúrì, irin tí ń sàn bí omi tí àwọn kan fi ń kó wúrà jọ, ó burú ju ẹrẹ̀ lọ, nítorí kì í jẹrà. Kòkòrò omi a gbé e mì, ẹja kékeré a jẹ kòkòrò, ẹja ńlá a jẹ kékeré, ènìyàn a jẹ ẹja ńlá, májèlé náà a sì máa pọ̀ sí i ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ní Minamata ní ilẹ̀ Japan ni a ti kọ́kọ́ mọ àìsàn yìí dájú, ní 1956, nígbà tí àwọn apẹja àti ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, tí ológbò wọn pàápàá ń ṣubú. Ilé-iṣẹ́ kan ni ó ń da mẹ́kúrì sínú òkun níbẹ̀, ẹja sì ni ó gbé e padà wá sílé.

Bí ẹ̀yà kan ti í lọ láìsí igbe, ẹni tí ó bá ń ṣòwò lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Kétu lè fi ọwọ́ kan ẹ̀rí rẹ̀ nínú àpò. Ẹ yọ owó ẹyọ irin sẹ́fà kan, kí ẹ wò ó. Ẹja tí ó wà lára rẹ̀, tí a ya láti inú òṣùwọ̀n wúrà àwọn Akan, ni ẹja aláyùn, èyí tí imú rẹ̀ gùn jáde tí eyín sì tò sí i ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ayùn káfíńtà. Ó ń gbé òkun, ó ń wọ ọ̀sà, ó sì ń gòkè nínú odò ńlá. Eyín náà ni ó pa á, nítorí kò sí àwọ̀n tí kò ní há sí. Lónìí ó ti di ọ̀wọ́n gógó ní gbogbo etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ọ̀dọ́ apẹja púpọ̀ kò sì rí i rí àfi lára owó. Wọ́n ń ná àwòrán rẹ̀ lójoojúmọ́.

Àwọn ìlú ọlọ́rọ̀ kò yọ. Ẹja gbígbẹ líle tí a ń rà láti Nọ́wè, tí ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà ogun abẹ́lé ti 1967 sí 1970 nítorí oúnjẹ ìrànlọ́wọ́, ẹja kọ́ọ̀dù ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní òdì kejì òkun, ní Newfoundland ní Kánádà, kọ́ọ̀dù pọ̀ fún nǹkan bí 500 ọdún débi pé kò sí ẹni tí ó rò pé ó lè tán. Ní July 1992 ìjọba ti ibẹ̀ pa, nítorí ẹja kò sí mọ́. Nǹkan bí 30,000 ènìyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó di 2024 kí a tó tún ṣí i fún òwò, bí a ti ṣí i náà sì rèé, díẹ̀díẹ̀ ni. Àwọn ìlú tí ó gbé gbogbo ẹrù wọn lé ẹ̀yà kan ṣoṣo lórí ni ó jìyà jù. Àwọn tí ó rí akàn àti edé pa rí nǹkan dì mú.

Èmi kò bọ odò, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ n kò lè ṣàì sọ ohun tí mo rí. Nínú igbó Ọ̀ṣun tí ó wà lẹ́bàá ìlú yìí, tí UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní 2005, a kò gbọdọ̀ pẹja. Ìdí tí àwọn àgbà fi ṣe é yàtọ̀ sí ìdí tí onímọ̀ fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni omi ń rí: ibì kan tí ẹja lè dàgbà tí kò sí àwọ̀n. Ní December 2022, ní Montreal, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fohùn ṣọ̀kan pé kí ó tó di òpin 2030, kí a dáàbò bo ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ àti òkun. Wọ́n jíròrò lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn baba wa ti ní tiwọn létí odò, wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ igbó kò lè dá ẹrẹ̀ dúró bí ẹrẹ̀ náà bá ti òkè odò wá.

Kí n tó wá síwájú yín, mo lọ bá ìyá ẹlẹ́ja kan lọ́jà, mo ní kí ó fi kíróókà hàn mí. Ó mú méjì jáde láti inú agbada kan náà, ó tẹ́ wọn sórí pátákó, ó ní, “Bàbá, ẹ wo ìrù wọn. Ẹ wo ojú wọn. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ìyá kan.” Mo wò ó, n kò rí ìyàtọ̀. Ó fi ìka tẹ ara èkíní, ó fi tẹ èkejì, ó sì sọ fún mi èyí tí ó lẹ́ran jù, èyí tí kì í fọ́ nínú ọbẹ̀, àti èyí tí ó ti ń ṣọ̀wọ́n láti bí ọdún mélòó kan. Mo bi í pé kí ló dé tí ó fi ń pè wọ́n ní orúkọ kan, tí ó sì ń tà wọ́n ní iye kan náà.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ta ni ó bi mí rí?”